Ìlà Tó Yà Bàrá ní Ìbà

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kọ́kọ́ jẹ́ kó yé mi pé mo ti kúrò nílé. Bírò ni ọ̀rọ̀ náà. Ní Kétu tí wọ́n ti bí mi, lọ́hùn-ún lápá ibi tí Faransé ti jọba, tí èèyàn bá pe bírò, ọ́fíìsì tàbí tábìlì ìkọ̀wé ló ń pè. Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Okokomaiko nígbà tí Ọ̀gá Ṣódiípọ̀ ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀, tí wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, tí wọ́n ní, "Bá mi mú bírò yẹn wá."

Mo wo tábìlì náà. Igi líle ni, ó sì wúwo. Mo rò pé bóyá wọ́n fẹ́ kí oníbàárà rí ibi gbé ìwé lé. Mo gbá a mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ. Igbe tí ẹsẹ̀ tábìlì ń ké lórí símẹ́ǹtì ló jẹ́ kí gbogbo wọn yíjú. Ràsákì, tó máa ń bá Ọ̀gá gbé irinṣẹ́ lọ sórí ilẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú kálàmù tó wà lórí tábìlì náà, wọ́n gbé e sókè níwájú mi, wọ́n ní, "Èyí ni bírò."

Ẹni tó bá lọ sí ìlú òyìnbó mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Òtútù á sọ fún un, èdè á sọ fún un. Èmi, mo kàn sọdá ààlà ni, mo sì bá àwọn tó ń jẹ́ irú orúkọ tí à ń jẹ́, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí àgbà bí a ṣe ń kúnlẹ̀. Ara mi ti balẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣìnà. Mo lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ geerege, kí n kàn rí i pé ojú onítọ̀hún ti yí padà, kí n má sì mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ mi ló kọ̀ láti wọlé. Ará Kútọnu ni wọ́n ń pè mí. Mi ò gbé Kútọnu rí.

Iṣẹ́ púláànù ilẹ̀ ni mo kọ́ ní Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún. Sọfíyọ̀ á lọ wọn ilẹ̀, á kó iye tó rí wá, èmi á fi rúlà àti yíǹkì sọ ọ́ di àwòrán tí onílẹ̀ lè fi ọwọ́ tọ́ka sí pé ibí ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀, ibí ló parí sí. Sọfíyọ̀ ni Ọ̀gá Ṣódiípọ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́, aṣọ wọn kì í ní àbàwọ́n bí wọ́n tilẹ̀ ti inú ẹrọ̀fọ̀ bọ̀. Nígbà tí wọ́n rí àwòrán tí mo fi ọwọ́ yà, wọn ò bi mí léèrè pé èèyàn ibo ni mí. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìbà ni mo rí yàrá sí, nínú ilé ìyá arúgbó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ẹlẹ́ní, torí pé ẹní ni wọ́n ń hun. Ọmọ Àwórì ni wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ti lọ tán, ọkọ wọn ti kú. Màmá kì í bá mi sọ ju kíkí àárọ̀ àti kíkí alẹ́ lọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jókòó jẹun lẹ́nu ọ̀nà tiwọn, èmi náà á jẹ tèmi lẹ́nu ọ̀nà tèmi, gbogbo àgbàlá á sì dákẹ́ láàárín wa. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n kórìíra mi ni, àbí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mi ò rí ẹni tí mo lè bi.

Ọ̀nà tí mo gbà ń mọ nǹkan nígbà náà nìyẹn: màá dúró, màá máa wò. Lójú ọ̀nà Ọjọ́, mo wò títí mo fi mọ irú ọwọ́ tí wọ́n ń nà sí ọlọ́kadà kó tó dúró. Ní ọ́fíìsì, mo wò títí mo fi mọ̀ pé tí Ràsákì bá ní "kò burú", inú rẹ̀ lè má dùn o. Èyí tó le jù ni iye. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí iye kan kò bá pé, fírígílù, ìyẹn kọ́mà, la fi ń là á. Ní Èkó, àmì tóótó ni, póìntì ni wọ́n ń pè é. Mo máa ń ka iye sókè pé "méjì fírígílù mẹ́jọ," Ràsákì á ní, "Fírígílù ti dé o." Mo kọ́ láti máa sọ póìntì. Ahọ́n mi gbà, ṣùgbọ́n inú mi lọ́hùn-ún, fírígílù ni mo ṣì ń rí.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ ni, Ọjà Àlàbá ni wọ́n ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sipirian. Òun náà ló bá wọn wá púlọ́tà, ẹ̀rọ gbọọrọ kan tó máa ń gbá kálàmù mú fúnra rẹ̀, tí á máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí bébà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọ̀gá ní iṣẹ́ ọwọ́ ti ń di ohun àtijọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò gba púláànù ọlọ́wọ́ mọ́. Mo kọ́ ọ. Màá tẹ iye tí wọ́n wọ̀n wá sínú ètò ìyàwòrán inú kọ̀ǹpútà náà, á fara hàn lójú rẹ̀, púlọ́tà á sì yà á. Ó ń ṣe dáadáa, àfi pé ó ń falẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá ní etí tó tẹ̀, kọ̀ǹpútà á ronú títí oorun á fẹ́ẹ̀ gbé èèyàn lọ.

Ìdí nìyẹn tí Sipirian fi wá láti Àlàbá, tó mú ohun pẹlẹbẹ dúdú kan wá tó tẹ́ bíi bisikíìtì, tó kún fún ẹsẹ̀ tín-ín-rín lábẹ́. Máàtì ló pè é. Ó ní kọ̀ǹpútà wa kò mọ ìṣirò tó le dáadáa, pé máàtì yìí ni yóò máa bá a ṣe é. Ó tú ikùn kọ̀ǹpútà, ó tẹ máàtì sínú ihò kan tó ti ṣófo láti ọjọ́ yìí, ó dì í padà. Láti ọjọ́ náà, ohun tó máa ń jẹ́ ká tòògbé di kíá. Inú gbogbo wa dùn.

Ìjọ aláṣọ funfun kan wà ní Ìbà, nítòsí ilé Màmá Ẹlẹ́ní. Wọ́n ní kí Ọ̀gá wọn ilẹ̀ àwọn. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ilẹ̀ náà tọ́ gbọnrangandan, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kẹrin ń tẹ̀lé odò kékeré kan, ó tẹ̀ bí ọrun. Mo tẹ iye rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, púlọ́tà yà á, Ọ̀gá yẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, wọ́n pé. Wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Ìyá Ìjọ, obìnrin tó ń darí wọn, gbé púláànù náà lọ bá Alàájì Sùnmọ́nù tí ilẹ̀ tirẹ̀ bá tiwọn pààlà lẹ́bàá odò náà, kí òun náà lè fọwọ́ sí i.

Alàájì fọwọ́ sí i kíá. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìtajà pákó, wọ́n sì gbẹ́ ẹ dé ẹ̀gbẹ́ kànga tí ìjọ náà ń lò.

Ìyá Ìjọ wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, nínú aṣọ funfun. Ohùn wọn kò ròkè. "Sọfíyọ̀," ni wọ́n wí, "Alàájì ní púláànù tí ẹ yà fún wa ló fún òun ní kànga wa. A wò ó, òótọ́ ló ń sọ. Omi yẹn la fi ń wẹ àwọn aláìsàn, òun náà la fi ń dáná. Ṣé ẹ̀yin lẹ fún un ni?"

Ọ̀gá tẹ́ púláànù sílẹ̀. Gbogbo wa tẹ̀ síwájú. Àwọn igun kò kúrò níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìlà tó yẹ kó tẹ̀ síta bá odò lọ, inú ló tẹ̀ sí. Ó yà bàrá, ó gba àárín ilẹ̀ ìjọ kọjá, ó fi kànga sọ́wọ́ Alàájì.

Ọ̀gá mú iye tí àwọn fúnra wọn wọ̀n. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Wọ́n wá wò mí. "Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́."

Ràsákì ló sọ ohun tí gbogbo wa ń rò. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. "Fírígílù ni," ló wí. "Kò lè ṣe kó má jẹ́ fírígílù. Tí èèyàn bá fi sí ibi tí kò yẹ nínú iye tó sọ bí ìlà ṣe máa tẹ̀, ibi tó bá wù ú ló máa tẹ̀ sí."

Mo wo ohun tí mo tẹ̀. Póìntì ni mo rí, mi ò rí fírígílù kankan. Mo tún un wò, póìntì náà ni. Ṣùgbọ́n mo ti wọ́ tábìlì rí nígbà tí wọ́n ní kí n mú kálàmù, báwo ni mo ṣe máa fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí mo rí ló wà níbẹ̀? Mo gbé rúlà àti yíǹkì, mo fi ọwọ́ ya ilẹ̀ náà láti inú iye kan náà. Ìlà náà tẹ̀ síta, ó bá odò lọ. Mo gbé e fún Ọ̀gá. Wọ́n fi í wé ti púlọ́tà.

"Ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. "Ìka tó ń tẹ̀ ẹ́ ni kò dá mi lójú."

Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́ títí wọ́n á fi rí ojútùú ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò lé mi. Mo kàn ń jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo ń pọ́n lẹ́ẹ̀dì, mo ń nu rúlà tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo lọ sí ilé ìfóònù ní Ọjọ́ láti pe bàbá mi. Bàbá ò ní fóònù. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kétu ló máa ń ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á wá jókòó dúró dè mí. Mo ti to gbogbo ẹjọ́ náà sínú. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn, gbogbo rẹ̀ dàrú.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, Bàbá."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ."

"Ohùn rẹ ti yí padà. O ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkó."

"Bàbá, ará Kútọnu ni wọ́n ń pè mí níbí."

"Kútọnu kẹ̀? Kí ló kàn ẹ́ pẹ̀lú Kútọnu?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ, tìfẹ́tìfẹ́, pé, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Tó bá sú ẹ, máa bọ̀."

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ó ti sú mi. Mo fẹ́ sọ pé mi ò tún mọ ohun tí ìka mi ń ṣe mọ́. Fóònù ń hó bí epo tó gbóná, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ti ń mí sí mi lọ́rùn. Mo ní, "Ẹ bá mi kí gbogbo ilé." Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ gbólóhùn kan náà sí ara mi, bí ará Kétu ṣe máa sọ ọ́ àti bí ará Èkó ṣe máa sọ ọ́. Kò sí èyí tó jọ tèmi nínú méjèèjì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìjọ tún wá. Àwọn òṣìṣẹ́ Alàájì ti ń kó búlọ́ọ̀kù dé. Mo rí i bí Ọ̀gá ṣe fi ọwọ́ nu ojú. Mo dìde láìmọ̀ pé mo fẹ́ dìde.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́."

Ràsákì wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ lójú àlá. Mo kúnlẹ̀. "Kì í ṣe pé mò ń dán yín wò, sà. Èmi gan-an ni mo fẹ́ mọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, kí n mọ̀ pé èmi ni."

Ọ̀gá fa àga. Wọ́n tẹ iye náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kà á sókè, Ràsákì ń fi ti orí bébà yẹ̀ ẹ́ wò, Ìyá Ìjọ dúró lẹ́yìn wọn. Púlọ́tà gbé kálàmù. Ó fa ìlà mẹ́ta tó tọ́. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, gbogbo wa sún mọ́ ọn. Ó tẹ̀ sí inú.

Mo rò pé inú mi á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí, torí pé bí kì í bá ṣe èmi, mi ò tún mọ ohun tó kù.

A gbé kọ̀ǹpútà náà àti púlọ́tà sínú kábúkábú, ó di Àlàbá. Ràsákì gbé ojú kọ̀ǹpútà náà lé itan bí ọmọ. Sipirian kò fẹ́ gbọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́. Ìlà Oòrùn ni ó ti wá, Yorùbá tirẹ̀ náà ń wọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ mi ju ará Okokomaiko lọ, bóyá torí pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa tẹ́tí sí èdè tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Màdáámù, máàtì yìí dára," ló wí fún mi. "Èmi kì í ta ọjà burúkú." Ó béèrè ìṣirò lọ́wọ́ máàtì náà, ó dáhùn rẹ̀ pé pérépéré. Ó wá gbé ètò ìyàwòrán wa sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní máàtì, ó tẹ iye ilẹ̀ ìjọ sí i. Ó falẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tẹ̀ síta, ó tọ̀nà. Ó kó máàtì àti ètò náà pa pọ̀, ìlà yà bàrá.

"Ta ló wá jẹ̀bi báyìí?" Ràsákì bi í.

Sipirian họ orí. "Mi ò rí ẹni tó jẹ̀bi. Wọn kò kàn gbọ́ ara wọn yé ni."

Ó ránṣẹ́ sí olùkọ́ ìṣirò kan ní yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà náà, ẹni tó máa ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe. Olùkọ́ náà dé, wọ́n wò ó títí, àwọn náà ò kọ́kọ́ rí i mú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdánwò ni wọ́n tó ya òbíríkítí kan sórí bébà fún Ọ̀gá. Wọ́n ní bí ìlà tó ń tẹ̀ bá dé ibi tó ti dìde ṣánṣán, ìṣirò rẹ̀ á kan ohun tí kò lópin. Láyé máàtì àtijọ́, ohun tí kò lópin, ọ̀kan náà ni, ì báà jẹ́ sókè ì báà jẹ́ sísàlẹ̀. Máàtì tuntun ya òkè àti ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé ẹni tó kọ ètò ìyàwòrán yìí kò tíì rí ti tuntun nígbà tó ń kọ ọ́. Nítorí náà, bí máàtì bá dáhùn òkè, ètò náà lè gbọ́ ìsàlẹ̀, ìlà á sì tẹ̀ sí òdìkejì.

"Ṣé ó dá yín lójú?" Ọ̀gá béèrè.

"Kò dá mi lójú tán," ni olùkọ́ wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a lè tẹ̀ kí a tó ṣí ètò náà. Kọ̀ǹpútà á máa ṣe bí ẹni tí kò ní máàtì rárá. Yóò falẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Kó falẹ̀," Ọ̀gá wí. Wọ́n yíjú sí mi. "Jókòó, tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. A dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro Ràsákì. Kálàmù dé ìlà kẹrin, ó bá odò lọ.

Ọ̀gá kò bẹ̀ mí, n kò sì retí ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ bu ọwọ́ lu púláànù tuntun náà, wọ́n dúró, wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ tiwọn pé èmi ni mo yà á. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

A lọ ri àmì ààlà mọ́lẹ̀ ní Ìbà. Alàájì Sùnmọ́nù dúró lórí yẹ̀pẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ hú. Ó gba púláànù, ó ka orúkọ méjèèjì tó wà níbẹ̀, ó wò mí.

"Ìwọ tó o wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ìwọ lo fẹ́ sọ ibi tí ilẹ̀ mi parí sí fún mi?"

Ìbéèrè náà dà bí èyí tí mo ti ń bi ara mi. Mo wo Ọ̀gá, Ọ̀gá ń wò mí. Mo wá sọ ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú, bó sì ṣe wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ ọ́, bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Kétu.

"Alàájì, ẹ má wo èmi. Ẹ jẹ́ ká jọ tẹ̀lé okùn."

Ọ̀gá àti Ràsákì na okùn. Alàájì fa aṣọ rẹ̀ sókè, ó tẹ̀lé wa nínú koríko etí odò, ó ń kùn. Ibi tí okùn ti dé òpin, Ràsákì fi àdá ṣán koríko, òkúta ààlà àtijọ́ kan yọjú, tí ewéédò ti bò. Alàájì fi bàtà ha ewéédò náà kúrò.

"Bàbá mi ló ri èyí," ló wí. Kò sọ fún èmi, kò sọ fún Ọ̀gá. Ó padà lọ bá àwọn òṣìṣẹ́, ó ní kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò. Ìyá Ìjọ lọ fa omi nínú kànga, wọ́n bu fún gbogbo wa mu, Alàájì náà gbà, ó mu.

Nígbà tí mo dé ilé, Màmá Ẹlẹ́ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn ò hun ẹní. Gbogbo Ìbà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mi ò kàn rò pé Màmá náà gbọ́ ni.

"Ṣé wọ́n lé ẹ?" ni wọ́n bi mí.

"Rárá o, Màmá. Wọn ò lé mi."

"O ò wá ní lọ mọ́?"

"Mi ò ní lọ."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo ti ń wò ó pé tó o bá lọ, ta ni màá máa wò lọ́hùn-ún yẹn tí mo bá ń jẹun."

Mo dúró láàárín àgbàlá. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún, mi ò sì mọ̀ bóyá àárò Kétu ló ń sọ mí ni àbí nǹkan mìíràn tí mi ò tíì ní orúkọ fún. Màmá sún díẹ̀ lórí ẹní. Mo bọ́ bàtà, mo lọ jókòó tì wọ́n.